Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Agbára Tí Àwòrán Ní Lórí Ọkàn Wa

  Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìka tọ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má kánjú. Ìwé yìí kò ní sá lọ. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n kà dáadáa, kí ó kà á sókè fún ẹni tó jókòó tì í.

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí àwòrán. Ẹnì kan lè bi wá pé: "Ṣé kì í ṣe lẹ́tà la wá kọ́ ni? Kí ló kan àwòrán níbí?" Ìdáhùn wa nìyí. Lẹ́tà kò tíì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí àwòrán kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì tí kò mọ A yàtọ̀ sí B yóò rẹ́rìn-ín bí ó bá rí àwòrán ajá tó ń jó. Ìyá àgbà tí kò tẹ ilé ẹ̀kọ́ rí yóò sunkún bí a bá fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ tó ti kú hàn án. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Àwòrán a máa gba ojú wọlé, a sì dé inú ọkàn kí a tó ráyè béèrè ohun kan.

Ìdí nìyí tí ẹni tó fẹ́ kọ́ wa ní ohun rere fi ń lo àwòrán. Ìdí kan náà ni ẹni tó fẹ́ tàn wá jẹ fi ń lò ó. Nítorí náà, bí a ti ń kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé, ó yẹ kí á kọ́ bí a ṣe ń ka àwòrán pẹ̀lú.

Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ni a ti kọ́ agbára àwòrán. Àwọn àgbà ní ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran, àwọn àgbà Kétu sì ń sọ pé ìlú wa yìí ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀. Ní ọdún 2001, UNESCO, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún tó yẹ kí gbogbo ayé tọ́jú. Ní ọdún 2008, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún náà. Benin, Nàìjíríà àti Togo ni wọ́n jọ ni ín.

Ẹ rántí bí ó ti máa ń rí. Ìkórè ti parí, tàbí ọ̀gbẹlẹ̀ mú jù, tàbí àjàkálẹ̀ àrùn wọ ìlú. Wọ́n á ṣeré láti yẹ́ Ìyá Ńlá sí, láti tu àwọn ìyá wa lójú, àti láti tún ìwà ìlú ṣe. Ní òru, Ẹ̀fẹ̀ á jáde, á kọrin, á bá ọ̀bàyéjẹ́ wí láìbẹ̀rù. Ní ọ̀sán, àwọn ère á wá jó ní ọjà, ṣaworo á máa dún ní ẹsẹ̀ wọn. Ojú tó wà nísàlẹ̀ ère a máa tutù bí ojú ẹni tó mọ sùúrù. Lókè orí rẹ̀ ni agbẹ́gilére ń gbé ohun tó fẹ́ bá wa sọ kà: obìnrin tó ru igbá ọjà, télọ̀ tó jókòó ti máṣíìnì rẹ̀, ọkùnrin lórí alùpùpù, ejò tó ká ẹyẹ mọ́ra.

Àwọn ère kan wà tí wọ́n so okùn mọ́. Ẹni tó wọ ère náà á fa okùn lábẹ́ aṣọ, ejò á sì bu ẹyẹ jẹ lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn ọmọdé á kígbe, wọ́n á sá sẹ́yìn ìyá wọn. Ṣé wọn kò mọ̀ pé igi ni? Wọ́n mọ̀. Àwọn àgbàlagbà pàápàá mọ ọwọ́ agbẹ́gilére tó gbẹ́ ẹ. Síbẹ̀ àyà wọn já. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ wa: mímọ̀ tí a mọ̀ pé àwòrán ni kò ní kí ọkàn má mì.

Ẹ tún wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ère kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ọjà á rẹ́rìn-ín, ẹni tó hu ìwà náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí ó bá délé, ẹ̀rín á dákẹ́. Ohun tí wọn ì bá fi pàṣẹ fún un kí ó kọ̀, ó ti wọ inú rẹ̀ nípasẹ̀ ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí.

Àwòrán tí ń rìn

Ère olókùn yìí ni ẹ̀gbọ́n àwòrán tí ń rìn, èyí tí àwọn ọmọ wa ń wò ní tẹlifísọ̀n. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Ayàwòrán á ya ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀. Á tún ya ọkùnrin kan náà, ọwọ́ rẹ̀ á ti gbé sókè díẹ̀. Á tún ya òmíràn, ọwọ́ á tún gòkè díẹ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n bá fi àwọn àwòrán wọ̀nyí hàn léraléra kíákíá, ojú wa kò ní rí àlàfo tó wà láàrin wọn mọ́. A ó rí ọkùnrin tó ń gbé ọwọ́ sókè. Ní sinimá, àwòrán 24 ló ń kọjá níwájú wa ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ìṣẹ́jú kan péré á gba àwòrán 1,440. Iṣẹ́ sùúrù ni.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ aláwọ̀dúdú ni Moustapha Alassane, ọmọ Niger, aládùúgbò wa níhà àríwá. Nígbà èwe rẹ̀, páálí ló ń gé, tó fi ń ṣe òjìji tó ń rìn fún àwọn ènìyàn láti wò. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Kánádà, ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Norman McLaren, ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1965, ó ṣe eré kan tó pè ní La mort de Gandji. Ní ọdún 1966, ó ṣe òmíràn tó pè ní Bon voyage Sim. Ọdún 2015 ni ó kú.

Sim yìí, ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ààrẹ ìlú àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ó rin ìrìn àjò lọ sí òkèèrè. Kí ó tó padà dé, ipò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Eré kékeré ni, ọmọdé lè wò ó kí ó sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọdún tó jáde. Ní oṣù kejì ọdún 1966 náà ni àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Kwame Nkrumah ní Gánà nígbà tó wà ní ìrìn àjò ní ilẹ̀ Éṣíà. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, tó ń jẹ́ Dàhòmì nígbà náà, àwọn ológun gba ìjọba ní ọdún 1963, 1965, 1967, 1969 àti 1972. Àgbàlagbà tó bá wo ọ̀pọ̀lọ́ yẹn ní àkókò yẹn á rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà á mi orí. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọgbọ́n ló ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ló ń mọ̀ ọ́n. Alassane mú ọ̀pọ̀lọ́ sọ ohun tó lè kó ènìyàn sí wàhálà, gẹ́gẹ́ bí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń ṣe ní ọjà wa.

Ọkọ̀ ẹrú àti bídọ̀n epo

Ẹ̀rín nìkan kọ́ ni àwòrán ń fà. Ó ń fa àánú, ó ń fa ìtìjú, ó ń fa ìbínú pẹ̀lú.

Àwa ará Kétu mọ ohun tí kíkó lẹ́rú jẹ́. Ní ọdún 1886, ọmọ ogun Dàhòmì pa ìlú yìí run, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wa lọ. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ Kétu ti gba orí òkun dé Brazil. Títí di òní, ní Bahia, àwọn ilé òrìṣà wà tí wọ́n ń fi orúkọ Kétu pe ara wọn.

Nígbà tí òwò yìí ṣì ń lọ, àwọn tó fẹ́ kí ó dópin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Àwọn ènìyàn ń gbọ́ pé wọ́n ń kó ẹrú, ṣùgbọ́n ṣúgà ẹrú ṣì ń dùn lẹ́nu wọn. Ní ìparí ọdún 1788, ní ìlú Plymouth, wọ́n tẹ àwòrán ọkọ̀ kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Brookes. Àwòrán náà kò ní ẹ̀jẹ̀, kò ní igbe. Inú ọkọ̀ ni wọ́n yà, àti bí wọ́n ṣe to àwọn ènìyàn tó ju 400 lọ síbẹ̀ bí ẹni to igi ìdáná. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé ọkọ̀ náà ti kó ènìyàn 609 rí. Àwòrán yìí wọ ilé, ó wọ ilé ọtí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri káàkiri. Wọ́n tilẹ̀ fi igi ṣe irú ọkọ̀ náà ní kékeré kí àwọn aṣòfin lè fi ojú rí i. Kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, àwòrán nìkan kọ́ ló sì ṣe é. Àwọn ẹrú fúnra wọn jà, àwọn tó gba òmìnira kọ ìwé ìtàn ara wọn. Ṣùgbọ́n àwòrán náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ pé òun kò mọ̀. Ní ọdún 1807, wọ́n fi òfin de òwò ẹrú náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan tún gbé àwòrán yìí dìde ní ayé tiwa. Orúkọ rẹ̀ ni Romuald Hazoumè, ọmọ Porto-Novo, tí a bí ní ọdún 1962. Bídọ̀n epo ló fi ń ṣe ère: ẹnu bídọ̀n á di ẹnu. Láàrin ọdún 1997 àti 2005, ó kó bídọ̀n 304 jọ, ó sì tò wọ́n sílẹ̀ ní ìrísí ọkọ̀ Brookes. Ó pe iṣẹ́ náà ní La Bouche du Roi, orúkọ ibì kan ní etíkun wa tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù rà á, ó sì wà níwájú àwọn ará ibẹ̀ ní ọdún 2007, nígbà tí wọ́n ń rántí pé igba ọdún ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe òfin náà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ bídọ̀n? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀bá ibodè mọ̀ ọ́n. Ẹ ti rí àwọn tó ń kó epo kpayo láti Nàìjíríà lórí alùpùpù, tí bídọ̀n bò wọ́n mọ́lẹ̀ tó fi jẹ́ pé orí nìkan ló hàn. Wọ́n a máa fi iná yọ́ bídọ̀n kí ó lè wú, kí ó lè gba epo sí i, títí tí yóò fi bẹ́ lọ́jọ́ kan. Hazoumè wo bídọ̀n yẹn, ó rí ènìyàn tí wọ́n ń lò títí tó fi bàjẹ́. Ohun tí à ń rí lójoojúmọ́ tí a kò wò mọ́, ó gbé e kalẹ̀ níwájú wa, ó ní kí á tún un wò.

Fọ́tò tó ṣí ojú ayé

Fọ́tò ní agbára mìíràn, nítorí a gbà pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ní ọdún 1904, ní ilẹ̀ Kóńgò tí Leopold, ọba Belgium, ń jẹ bí oko ara rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nsala wá sí ilé àwọn òyìnbó ajíhìnrere ní Baringa. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé iṣẹ́ rọ́bà ti pa ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ohun tó kù lára ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, ọwọ́ kan àti ẹsẹ̀ kan, ló gbé wá nínú ewé. Alice Seeley Harris, ìyàwó ajíhìnrere náà, ya fọ́tò rẹ̀ bí ó ti jókòó tó ń wo àwọn nǹkan náà.

Wọ́n gbé fọ́tò yìí àti àwọn mìíràn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Wọ́n fi àtùpà ju àwòrán náà sára aṣọ funfun nínú gbọ̀ngàn, àwọn ènìyàn sì jókòó nínú òkùnkùn, wọ́n ń wò ó. Ọba ní owó, ó ní àwọn akọ̀wé tó ń bá a purọ́, ṣùgbọ́n kò rí èsì fún fọ́tò. Ní ọdún 1908, ìjọba Belgium gba ilẹ̀ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyà àwọn ará Kóńgò kò tán níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó burú jù nínú rẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́ mọ́.

Ẹ ṣe àkíyèsí ohun kan. Nínú fọ́tò yẹn, Nsala kò kígbe. Ó jókòó jẹ́ẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ló fọ́ ọkàn àwọn tó wò ó.

Ohun tí kò sí nínú fọ́tò

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á yí ọ̀rọ̀ sí apá kejì. Ní ọdún 1993, nígbà ìyàn ní gúúsù Sudan, Kevin Carter, onífọ́tò láti South Africa, ya ọmọ kékeré kan tí ebi ti mú rẹlẹ̀, tó forí balẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Igún kan dúró lẹ́yìn ọmọ náà. Ìwé ìròyìn New York Times gbé e jáde. Àwọn ènìyàn kárí ayé sunkún, ọ̀pọ̀ fi owó ránṣẹ́. Fọ́tò náà gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún 1994.

Ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí béèrè pé: "Ọmọ náà ńkọ́? Ta ló gbé e?" Ìwé ìròyìn náà ní láti tẹ àlàyé jáde, síbẹ̀ àlàyé náà kò lè sọ ibi tí ọmọ náà já sí. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ní 2011, àwọn akọròyìn láti Spain wá ìdílé ọmọ náà rí. Wọ́n gbọ́ pé ọkùnrin ni, pé kò kú nínú ìyàn yẹn. Bí a bá wo fọ́tò náà dáadáa, ọrùn ọwọ́ ọmọ náà ní ẹ̀gbà ọwọ́ àwọn tó ń pín oúnjẹ. Ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ kò jìnnà síbẹ̀. Èyí kò wí pé irọ́ ni fọ́tò náà. Ebi náà jẹ́ òtítọ́, ó sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ohun tó kọ́ wa ni pé gbogbo fọ́tò ló ní etí mẹ́rin, ohun púpọ̀ sì wà lẹ́yìn etí wọ̀nyẹn tí ojú wa kò rí.

Ó tún kọ́ wa ní ohun mìíràn. Ọmọ yẹn di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Fọ́tò tó bá sọ ènìyàn di ebi lásán, tí kò ní orúkọ, tí kò ní ilé, tí kò ní ìyá tó ń wá oúnjẹ fún un, ó fa àánú, ṣùgbọ́n ó gba iyì lọ. Àánú tí kò ní iyì nínú kì í pẹ́.

Nígbà tí àwòrán bá ṣiṣẹ́ rere

Ẹ wo sòbìyà. Àwọn àgbà wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọdún kan gbáko ló wà láàrin ọjọ́ tí ènìyàn mu omi tó ní kòkòrò náà àti ọjọ́ tí aràn yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ta ló lè rántí omi tó mu ní ọdún tó kọjá? Nítorí náà àwọn ènìyàn ń ka àrùn náà sí àfọwọ́fà, tàbí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá lo àwòrán: ẹlẹ́sẹ̀ sòbìyà wọ odò, ọmọ aràn jáde sínú omi, ẹlòmíràn bu omi náà mu, aràn yọ lára òun náà. Wọ́n ya aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi pẹ̀lú. Ohun tí ọdún kan ti yà sọ́tọ̀, àwòrán mú wọn wá sí ojú ewé kan. Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi wà nínú àwòrán kan náà, nítorí náà ẹ̀rù náà ríbi gbà. Pẹ̀lú aṣọ ìsẹ́mi, kànga tó mọ́ àti iṣẹ́ àwọn ará abúlé fúnra wọn, àjọ ìlera àgbáyé kéde ní ọdún 2009 pé sòbìyà ti tán ní Benin. Ní ọdún 2013, wọ́n kéde ti Nàìjíríà.

Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí. Àwòrán tó dẹ́rù bani tí kò fi ọ̀nà hàn, àwọn ènìyàn á gbójú kúrò lára rẹ̀. Èyí tó fi ọ̀nà hàn, wọ́n á tẹ̀ lé e.

Ẹ tún wo ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wa yìí. Ní ọdún 1963, ní ìlú Angicos ní Brazil, Paulo Freire kọ́ nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún àgbẹ̀ àti alágbàṣe ní ìwé láàrin ogójì wákàtí. Ṣáájú lẹ́tà, àwòrán ló ń lò. Ó ti bẹ ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Francisco Brennand pé kí ó ya àwọn àwòrán ayé àwọn ará oko: ènìyàn pẹ̀lú ọkọ́ rẹ̀, ilé, igi, kànga, ọdẹ. Kì í ṣe àlàyé ni olùkọ́ ń ṣe. Ìbéèrè ló ń bi wọ́n. Ta ló gbẹ́ kànga yìí? Kí ló dé tó fi gbẹ́ ẹ? Bí wọ́n ti ń dáhùn, ẹni tó ti ń pe ara rẹ̀ ní òpè rí i pé òun náà ti fi ọwọ́ òun tún ayé ṣe. Ìgbà náà ni lẹ́tà rọrùn. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba níbẹ̀ ní ọdún 1964, wọ́n ti Freire mọ́lé, lẹ́yìn náà ó sá kúrò nílùú. Ẹni tó ń kọ́ tálákà láti béèrè ìbéèrè níwájú àwòrán, àwọn alágbára mọ ohun tó ń ṣe.

Bí a ṣe ń ka àwòrán

Lónìí, àwòrán kì í dúró de ọjọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́. Ó wà nínú fóònù, ó wà lápò wa. Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ oko ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnì kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sí yín: oko àgbàdo tí màlúù jẹ run, àti àgbẹ̀ kan tó dùbúlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé abúlé tó wà nítòsí ló ti ṣẹlẹ̀ lánàá. Àyà yín á gbóná. Àwọn ọ̀dọ́ á máa wá àdá. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò yẹn lè jẹ́ ti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ní ilẹ̀ tí a kò dé rí. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ṣe é, nítorí ẹ̀rọ ti lè ṣe fọ́tò ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rárá nísinsìnyí. Bí wọ́n bá ti ṣá darandaran aláìmọwọ́mẹsẹ̀ kan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní padà sára rẹ̀ nígbà tí òtítọ́ bá dé.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi àwòrán ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, tàbí kí ẹ tó dìde nítorí rẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè márùn-ún yìí. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé yín.

1. Kí ni mo rí níbí gan-an? Kì í ṣe ohun tí wọ́n ní mo rí, ohun tí ojú mi rí ni.

2. Ta ló ṣe é, níbo ni, nígbà wo?

3. Kí ló wà lẹ́yìn etí rẹ̀ tí n kò rí?

4. Kí ló ṣe ọkàn mi? Ṣé ẹ̀rù ni, ṣé àánú ni, ṣé ìbínú ni?

5. Kí ni ẹni tó fi ránṣẹ́ ń fẹ́ kí n ṣe? Ta ni yóò jèrè bí mo bá ṣe é?

Ìbéèrè kẹrin ṣe pàtàkì. A kò ní kí ẹ má jẹ́ kí àwòrán kan ọkàn yín; ọkàn tí ohunkóhun kò kàn mọ́ ti kú. A ní kí ẹ mọ ìgbà tó kàn án. Ẹni tó mọ̀ pé inú ń bí òun lè ní sùúrù títí di òwúrọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ni ìbínú ń gùn bí ẹṣin.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fọ́tò náà, ọ̀rọ̀ yín rèé. Kí ẹ tó ya aláìsàn, opó, tàbí ọmọ ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ kí i. Ẹ tọrọ àyè. Ẹ sọ ibi tí fọ́tò náà ń lọ. Ẹ fi hàn án lẹ́yìn tí ẹ bá yà á tán. Bí ó bá kọ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ yín sílẹ̀. Ẹ bi ara yín pé: bí ìyá mi ló jókòó síbí, ṣé màá fẹ́ kí gbogbo ayé rí i báyìí?

Ẹ̀yin ará, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, kí olùkọ́ mú àwòrán kan wá, ìbáà jẹ́ ti kàlẹ́ńdà, ìbáà jẹ́ ti ara páálí oògùn. Ẹ gbé e sáàrin, ẹ bi í ní ìbéèrè márààrún, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì kọ gbólóhùn kan ṣoṣo nípa ohun tó rí. Ẹ ó rí i pé ojú yín kò ní bá ara mu. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

 Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.